Kérésì l'Ékìtì: Ohun Tó Ń Bẹ Lọ́rùn Àlùfáà Tí Ará Òkèèrè Kì í Rí

Ẹni tó bá ti Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston wálé ṣọdún l'Ékìtì, ìsìn méjì mẹ́ta ló máa lọ, á jẹ iyán, á kí ẹbí, ó parí. Ti àlùfáà tó dúró níwájú rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wo ọdún 2026: ọjọ́ Ẹtì ni Kérésì bọ́ sí. Láti alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá títí dé ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 3 oṣù Kìíní, ọjọ́ 11 péré ni, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì ni ìsìn ńlá wà. Sátidé méjì tó há sáàárín, ìgbéyàwó ti gbà wọ́n, torí ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ń ti òkè òkun dé. A ò tíì ka ìsìnkú àti ìṣílé mọ́ ọn o. Ìwàásù kọ́ ló ń tán àlùfáà lókun. Àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó wà láàárín ìsìn kan sí èkejì ni.

Ohùn ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Ọyẹ́ ti gbẹ ọ̀fun kí wọ́n tó lu agogo. Iná ọba lọ, máíkì kú láàárín àdúrà, àlùfáà bá ń pariwo kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ lè ba ohùn jẹ́ fún ọjọ́ méjì. Kó dákẹ́ ló dáa, kí ọ̀gá akọrin dá orin títí wọn á fi tan jẹnẹrétọ̀. Bátìrì tuntun ni kí wọ́n fi sínú máíkì láàárọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n lò kù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Súìtì tó ń ta lọ́fun yẹn, ṣe ló ń jẹ́ kí ọ̀fun kú tipiri, èèyàn ò ní mọ̀ mọ́ pé òun ń fi agbára fa ohùn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sàn jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà kì í sinmi ohùn. Kéèyàn panu mọ́ ni ìsinmi rẹ̀.

Ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án àti Orin Kérésì, Truro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1880, kí King's College ní Cambridge tó gbà á lọ́dún 1918. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹ̀kọ́ 9 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, orin 9 ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, ìṣẹ́jú 63. Ẹ fi àdúrà àti ọrẹ kún un, kò yẹ kó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ó lè di wákàtí mẹ́ta, nítorí pé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí Kábíyèsí, kó kí Bàbá Ìjọ, kó kí Ìyá Ìjọ, kó tó ṣí Bíbélì. Kí Fíkà, àlùfáà tó ni ìjọ, kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì fún ọmọdé ní ẹ̀kọ́ kìíní. Ọmọ náà á kà á tààrà, ojú á sì ti àgbàlagbà tó bá tún fẹ́ máa kí kiri.

Ti wáìnì Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rárá. Ìwé Àdúrà wa, ti ìjọ Áńgílíkà, sọ pé èyí tí a bá ti yà sí mímọ́ tó ṣẹ́ kù kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ilé Olúwa níbẹ̀ ni wọ́n ti máa jẹ ẹ́, tí wọ́n máa mu ún tán. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mu nǹkan bíi mílílítà 7, ìgò mílílítà 750 á tó èèyàn 100. Ní Kérésì, wọ́dìn, alábòójútó ṣọ́ọ̀ṣì, á ní 400 ló ń bọ̀, wọn á da ìgò mẹ́rin. 250 ló wá sídìí pẹpẹ. Ó ku lítà kan lé. Ta ni yóò mu ún? Àlùfáà tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀, tí ìjọ kan sì ń retí rẹ̀ lóko. Ohun tó tọ́ ni kí àwọn tó ń tọ́jú èrò ka orí nígbà orin ọrẹ, kí wọ́n mú iye rẹ̀ wá fún un. Díẹ̀ ni kó yà sí mímọ́. Bí kò bá tó, Ìwé Àdúrà fàyè sílẹ̀ láti tún òmíràn yà. Fún àwa àlùfáà tó ń sìn ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Fíkà kan lè ní ìjọ mẹ́rin márùn-ún, tó sì ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le: ọtí ò gbọdọ̀ ju mílígírámù 80 lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́pàá ò ní bi yín bóyá wọ́n ti súre sí i.

Iyán ńkọ́? Kò sí ilé tí kò ní fẹ́ kí Fíkà jẹun. Tó bá kọ̀, wọ́n á bínú. Tó bá jẹ ẹ́ kó tó lọ síbi ìsìn kejì, oorun dé. Ẹ bù ú sínú kúlà, kí ẹ gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

Ìsìn Àìsùn ọjọ́ 31, iṣẹ́ aago ni. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 10, kí ìwàásù parí ní 11:35, kí ẹ kọ orin kan, kí gbogbo ìjọ wà lórí eékún láti 11:50 títí agogo 12 á fi dún. Ẹ̀rí jíjẹ́ ló sábà ń ba èyí jẹ́. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ. Bí aago 12 bá sì bá Fíkà lẹ́nu ìwàásù, bángà á ti máa dún níta, àwọn ọ̀dọ́ á ti máa dì mọ́ra wọn, kò sẹ́ni tó tún ń gbọ́ ọ mọ́. Ẹ gbé ẹ̀rí sẹ́yìn aago 12: oorun á dín ọ̀rọ̀ kù fúnra rẹ̀. Aago fóònù ni kí ẹ sì lò, kì í ṣe ti ara ògiri. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tò síwájú àlùfáà fún àdúrà di nǹkan bí aago méjì, ìsìn ọdún tuntun sì ń dúró dè é láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè é láago márùn-ún láti kí i kú ọdún, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé, ìwé ìdúpẹ́ yín, èyí tí wọ́n máa kà níwájú ìjọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fi í ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́rú, ẹyọ kan fún gbogbo ẹbí. Tí ọmọ yín bá ń jẹ́ Siobhan, ẹ kọ "Ṣìfọ́ọ̀nù" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí kátíkísì tó máa kà á kò lè mọ̀ ọ́n pè. Lẹ́yìn àpòòwé, ẹ kọ iye tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí ẹ mú un wá fún: ìdámẹ́wàá ni àbí ọrẹ ìdúpẹ́, àbí ti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, àwọn tó ń ka owó á gbé e tọ Fíkà lọ, níbi tó ti ń bọ́ aṣọ ìsìn tó fẹ́ wọ mọ́tò lọ sóko.