Wọn ò bi wá

Àlùbọ́sà lásán ni mo lọ rà lọ́jà Kúbwà lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ Màlámù alálùbọ́sà mi ni mo lọ. Ará Illela ni, ní Sókótó lọ́hùn-ún, Kónní ni ìyàwó ẹ̀ ti wá, ó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Niger, àmọ́ ọ̀kadà lásán ni wọ́n fi ń lọ kíra wọn. Mo kàn ní ará ilé ń kọ́? Ló bá ní ní 2023, nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa torí àwọn sọ́jà tó gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú Niger, ìyá ìyàwó òun ṣaláìsí, oyún wà nínú ìyàwó, kò lè gun ọ̀kadà gba inú igbó, bí wọ́n ṣe sin ín láìfojú kàn án nìyẹn. Kò bínú o. Ó ń fọwọ́ ra èèpo gbígbẹ kúrò lára àlùbọ́sà, ó ń fẹ́ ẹ dànù, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ba a tambaye mu ba." Wọn ò bi wá.

Àtìgbà yẹn ló ti ń dún létí mi.

Torí mo wà lára àwọn tó ń pariwo ní grúùpù WhatsApp wa nígbà yẹn pé kí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fojú àwọn sọ́jà yẹn rí màbo, kí wọ́n gé iná Niger. Nàìjíríà sì gé e. Abuja níbí ni àwọn olórí ECOWAS ti ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, bóyá mo tiẹ̀ wà nínú gosiló tí mọ́tò wọn dá sílẹ̀. March 2024 ká tó ṣí bọ́dà, nígbà tó sì di January 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kó ẹrù wọn jáde nínú ECOWAS. Kí la wá rí gbà níbẹ̀?

Àmọ́ àwọn sọ́jà yẹn náà, ta ni wọ́n bi? Kẹ́nì kan má fọ̀rọ̀ mi polongo fún wọn o.

Èmi ṣáà dìbò ní 2023, oòrùn fẹ́ẹ̀ pa mí lórí ìlà. Ṣé bíbini nìyẹn? Mi ò rántí pé wọ́n kọ bọ́dà kankan sínú bébà yẹn...

Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n bí màmá màmá mi sí, Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin làwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn níléèwé. Màmá ò pe Kétu nílùú òkèèrè rí láyé ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ìlà yẹn láàárín ara wọn ní 1889, ìyẹn, mo lè bú òyìnbó tó bá ṣe wù mí. Ti 2023 ńkọ́, tó jẹ́ èmi ni mò ń fi èmójì àtẹ́wọ́ ránṣẹ́?

Ha! NEPA ti mú iná. Ní báyìí tí mò ń sọ̀rọ̀ gígé iná àwọn ẹlòmíì, haha, ó tọ́ sí mi.

Ó fi àlùbọ́sà méjì ṣe èènì fún mi. Mo ní nagode, mo bá tèmi lọ. Mi ò tiẹ̀ bi í lórúkọ ìyá náà.