Èbù la gé lónìí

Abẹ́ igi igbá la jókòó sí láti àárọ̀, ọ̀bẹ mímú lọ́wọ́, eérú nínú garawa. Iṣu ńlá kan ń mú èbù 3 tàbí 4, ìyẹn ègé iṣu tá a fẹ́ gbìn. Orí ló ń tètè hù ju àárín àti ìdí lọ, torí náà ọ̀tọ̀ là ń kó wọn sí kí wọ́n má baà dàpọ̀ lórí ebè.

Èèpo lọ̀rọ̀ wà o. Ara èèpo ni ọ̀mùnú ti ń yọ, kì í ṣe inú funfun. Àbúrò mi gé ọ̀kan tí kò léèpo rárá, Bàámi gbé e sókè wò ó: “Èyí ti di àsáró, ẹ gbé e fún ìyá yín.”

Bí a bá ti gé e, a ó fi eérú pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀, a ó tẹ́ ẹ síbòòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó gbẹ. Ẹni tó bá gbin èyí tó ṣì ń ṣomi, rírà ló máa bá nínú ebè.

Ebè wa ga tó orúnkún, mítà 1 síra wọn. Ibi táwọn ọmọdé ti máa ń yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ ni koríko gbígbẹ tá a fi ń dé orí ebè, tá a sì ń fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́ kí ọyẹ́ má gbé e lọ. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn yìí á se èbù tí wọn ò bá dé. Ọ̀pá tí ìtàkùn iṣu máa gùn, ó dìgbà tójò bá dé.