Owó ìpolówó rédíò wà ní àdúgbò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ n'Íbàdàn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: ta ni yóò máa ra àkókò ìpolówó? Mo ti ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń fowó ara rẹ̀ ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìpolówó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí owó ti ń wá ní tòótọ́.

Ọdún 1992 ni òfin fàyè gba aládàáni láti ní rédíò. Raypower bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1994, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. N'Íbàdàn lónìí, bí ẹ bá ṣe ń yí rédíò báyìí, ẹ ó gbọ́ Amúlùdùn, Splash, Fresh, Space, Lágelú, àti àwọn mìíràn. Gbogbo wọn ló ń wojú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń pín owó ìpolówó láti Èkó. Owó yẹn dára bó bá dé, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ má fi san owó oṣù.

Àwọn ará àdúgbò ló ń gbé rédíò ró. Aláṣọ Gbági, oníṣòwò oúnjẹ ní Bódìjà, ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba ọmọ tuntun, ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣèpàdé: kò sí èyí tó máa lọ polówó l'Ékòó nínú wọn. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ìkéde òkú. Bí ẹ bá ṣi orúkọ agboolé kan pè, gbogbo ẹbí yẹn ti lọ nìyẹn, àtàwọn àna wọn. Torí náà, kí ẹni tó máa kà á pe ẹbí kó tó wọ sítúdíò, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó yẹ kó ṣáájú nínú àwọn ọmọ. Kí ẹ sì sọ aago tí ẹ máa kà á fún wọn, nítorí ṣe ni wọ́n máa jókòó yí rédíò ká. Ẹbí tí ẹ bá ṣe é dáadáa fún kò ní gbàgbé yín.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ń ra àkókò, wọ́n ń fúnra wọn wá ìpolówó, àwọn olùgbọ́ sì ń tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá gbé owó lé wọn lórí jù, wọ́n á kó lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, tàwọn ti olùgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ta ìròyìn àárọ̀ fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Owó alágbo pọ̀, mo mọ̀. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ dá a padà. Ìyá ẹnì kan ló máa mu ún nítorí pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ti òṣèlú: ẹ gbowó kí ẹ tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ìbò, wọn kì í gbé fóònù mọ́.

Owó ìwé àṣẹ náà kò ṣe é fi ṣeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àjọ NBC, tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kéde pé àwọn gba àṣẹ ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 52 nítorí gbèsè. Wọ́n padà dá ọwọ́ dúró, àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò rí oorun sùn. Ẹ máa yọ ọ́ sọ́tọ̀ lóṣooṣù.

Lákòótán, ẹ gbé ètò yín sórí Facebook. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń gbọ́, wọ́n sì ń sanwó ìkéde ọjọ́ ìbí ìyá wọn tó wà n'Íbàdàn. Kí ẹnì kan wà lórí WhatsApp tí yóò máa dá wọn lóhùn lálẹ́, torí bí ilẹ̀ bá ti ṣú níbí, ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà.