Ka ẹgbẹ́ progressive rock, àmọ́ pààlà ọdún ná

Orílẹ̀-èdè wo ló ní ẹgbẹ́ progressive rock (orin rock tó máa ń gùn, tó sì díjú) jù? Bí ẹ bá ka gbogbo ẹgbẹ́ títí dòní, Amẹ́ríkà á fò sókè, torí àwọn onímẹ́tà (rock líle) bíi Dream Theater, tó bẹ̀rẹ̀ ní Boston ní 1985, á wọ inú ẹ̀. Ẹ dúró sí 1969 sí 1976, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń léwájú: King Crimson, Yes, Genesis. Ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú.

Ítálì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Pawn Hearts, àwo Van der Graaf Generator, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò tà púpọ̀ nílé wọn, gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 1972. Àwọn ẹgbẹ́ Ítálì fúnra wọn náà wà: PFM (Premiata Forneria Marconi) jáde ní Milan, Banco ní Róòmù, Le Orme ní Venice. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ìṣirò ti ń dàrú: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe àwo kan ṣoṣo, wọ́n sì túká. Museo Rosenbach gbé Zarathustra jáde ní 1973, ó parí nìyẹn, àfi ìgbà tí wọ́n tún kóra jọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá ka àwo, Ítálì á rẹlẹ̀. Bí ẹ bá ka ẹgbẹ́, á gòkè. Ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ kà, torí PFM tún orin wọn kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì sínú Photos of Ghosts (1973), bí ẹ bá ka àwo, orin kan náà á wọ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì.

Jámánì náà pọ̀, bí ẹ bá gbà pé Can, ẹgbẹ́ Jámánì kan, wà lára àwọn ẹgbẹ́ progressive rock. Èmi ò gbà.