Mo Sanwó Kí Wọ́n Fi Ariwo Dí Mi Létí ní Camden

Ẹ jẹ́ kí n bínú tán ná.

Àbúrò mi tó ń gbé ní London ló ní kí n wá gbọ́ rọ́ọ̀kì gidi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti mú mi gba iwájú 100 Club kọjá ní Oxford Street. Abẹ́ ilẹ̀ ni kílọ́ọ̀bù yẹn wà, láti 1942 ni wọ́n ti ń ṣeré níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ olórin Sex Pistols àti The Clash ti ṣe pọ́ńkì, rọ́ọ̀kì oníjàgídíjàgan, ní September 1976. Ara mi ti wà lọ́nà. Èyí tá a wá lọ lálẹ́ ní àdúgbò Camden, mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

£12 ni tíkẹ́ẹ̀tì, aago méje àbọ̀ ni wọ́n kọ sí i. Èmi tí wọ́n ti sọ fún pé Òyìnbó kì í pẹ́, mo tètè dé. Àṣé ìgbà tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn ni wọ́n kọ síbẹ̀! Ẹgbẹ́ tá a torí ẹ̀ wá kò jáde títí aago mẹ́wàá fi ku ogún ìṣẹ́jú. Báńsà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tú báàgì mi yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó gba ike omi mi, ó jù ú nù. Ẹni tó ń gba báàgì pamọ́ gba £4. Mo nawọ́ owó sí ọmọ tó ń ta bíà, ó ní káàdì nìkan làwọn ń gbà. Owó tí orí ọba wọn wà lára ẹ̀! Àbúrò mi ló san £7 fún bíà inú ike, kò tiẹ̀ tutù.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́? Gìtá gbé ohùn olórin mì. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ ra fóòmù tí wọ́n ń kì bọ etí, ẹ má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà bíi tèmi.

Mo ti ń wá ọ̀nà ilé nígbà tí ẹni tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù gbé BLO sí i. BLO o! Berkeley Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù, àwọn ọmọ tó dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì náà sílẹ̀ l'Ékòó ní 1972. Mo pariwo débi pé àwọn èèyàn yíjú. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá wá jáde, ìlù wọn wọ̀ mí lára, mo jó bí ẹni tí kò sanwó ilé.

Lẹ́yìn eré, onílù wọn fúnra rẹ̀ ló ń ta ṣẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì. Ó ní ohun tó kàn wọ́n nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì kò ra epo ọkọ̀ tó gbé wọn wá, ṣẹ́ẹ̀tì ló ń gbé wọn délé. Àbúrò mi tún fa káàdì yọ, ojú ẹ̀ ti ń le.

Mo ní ọmọ Yorùbá ni mí. Onílù ní àwọn BLO ló kọ́ òun ní ìlù, àmọ́ ó pe Odùmósù bí orúkọ oògùn ibà. Mo tún un pè fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́, ó mú igi ìlù rẹ̀, ó lu orúkọ náà sórí tábìlì: re-dò-mí-dò. Ó gbà á!

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àbúrò mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan.