Gáàsì fírísà kì í dédé tán

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹja dídì bíi tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá wo fírísà yín tó ní gáàsì ti tán, ẹ bi í pé ibo ló gbà jáde. Gáàsì yìí kì í jó tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po. Èyí tó bá fírísà dé láti ilé iṣẹ́ lè wà níbẹ̀ títí fírísà á fi gbó. Bó bá dín, ihò ń bẹ níbì kan.

Inú ṣì ń bí mi, ẹ má bínú. Fírísà mi ń dún, ṣùgbọ́n kò mú nǹkan dì mọ́. Ọkùnrin tí mo pè kàn gbé etí sí i, ó ní gáàsì ni. Ó rọ gáàsì, ó gbowó, ó tutù. Kò pẹ́, ó tún dáwọ́ dúró. Ó tún rọ òmíràn, ó tún gbowó. Àárọ̀ Sátidé tí mo ṣí ìdérí, òórùn tó kọlù mí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Omi ẹ̀jẹ̀ ti dà sí ìsàlẹ̀. Ẹja Títù tó yẹ kó le gbagidi, ìka mi rì sínú ẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ rà á fún òkú bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú báàfù, ó fi ìborùn bomú, kò sọ̀rọ̀, ó kàn yí padà. Àwọn kan ní kí n yan án tà. Kí n wá pa ọmọ ọlọ́mọ? Mo da gbogbo ẹ̀ nù. Kẹ́nì kankan má sì sọ pé iná ni o. Iná wà mọ́jú, mo sì ní sítábíláísà.

Ẹlòmíràn tó wá fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀ nítòsí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri, ló bá ń hó. Ó jó ihò náà pa, ó fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, ó rọ gáàsì. Wàhálà tán.

Ẹ̀yin náà lè fi ọṣẹ wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ gáàsì, ṣùgbọ́n ẹ pa fírísà ná. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín, ihò míì nìyẹn. Ẹ ti owó bébà mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà etí rẹ̀ ti rọ. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ń dún “ká” tó ń dákẹ́, ó lè jẹ́ pé iná ò lágbára. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Bí iná bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó tàn án. Tí ẹ̀gbẹ́ fírísà onídérí bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má fòyà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà tú ooru dànù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gáàsì yẹn ni mo ń sọ o. Bẹ́ni tẹ́ ẹ pè bá gbé àgbá gáàsì wá, tí kò gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde dání, ẹ fún un lómi mu, kó máa lọ.