Ẹ Wo Aṣọ Kí Ẹ Tó Wo Ojú: Fọ́tò Àwọn Ṣọ́jà Ogun Hitler

Bàbá jókòó sáàárín, ọmọkùnrin mẹ́ta nínú aṣọ ṣọ́jà dúró yí i ká, kò sì sí orúkọ kankan lẹ́yìn fọ́tò. Irú rẹ̀ ò wọ́n nínú àpótí àwọn ẹbí tó rán ọmọ lọ sógun Hitler. Tí wọ́n bá gbé e jáde, imú àti iwájú orí ni gbogbo ilé á kọ́kọ́ wò, kí ẹnì kan tó kéde pé, "Bàbá Ìbàdàn rèé." Ojú ni ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lè jọra ju ọmọ ìyá lọ.

Ẹ fi síkánà yà á ní 1200 dpi, tiwájú tẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ ilé fọ́tò máa ń wà. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á o, àwòrán gan-an ló máa ṣí kúrò lára bébà. Ẹ yà á tòun ti gíláàsì.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ogun Bọ́mà (Burma, ní ilẹ̀ Éṣíà) tó dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà Nàìjíríà ni kì í wọ bàtà, àwọn mìíràn sì ń wọ sálúbàtà. Bàtà aláwọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, pẹ̀lú fìlà ẹlẹ́tí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ká etí rẹ̀ kan sókè, Bọ́mà ló sábà máa ń tọ́ka sí, láti 1943 síwájú. Fìlà róbótó tí kò létí, ṣòkòtò péńpé àti ẹsẹ̀ lásán sábà máa ń ṣáájú ìyẹn. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ti ogun Kamẹrúùnù, 1914 sí 1916.

Èjìká ló ń sọ̀rọ̀ jù. Aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ni àmì Dífíṣọ̀n 81, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà. Ọ̀kọ̀ méjì tó kọjá lórí ara wọn nínú òṣùká ni ti Dífíṣọ̀n 82. Ọdún 1943 ni wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀, nítorí náà fọ́tò tó bá ní ọ̀kan nínú wọn kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ìlà méjì lápá aṣọ, kọ́pọ́rà ni, mẹ́ta, sájẹ́ǹtì.

Ríbọ́ọ̀nù àyà, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ tó dúró fún mẹ́dàlì, ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Àwọn fíìmù kan láyé ìgbà náà kì í rí pupa: pupa á di dúdú, búlúù á sì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ríbọ́ọ̀nù Burma Star, mẹ́dàlì ogun Bọ́mà, tí pupa rẹ̀ fẹ̀ láàárín búlúù, á wá dà bíi pé àárín rẹ̀ dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ràn. Oṣù karùn-ún 1945 ni wọ́n fi í lọ́lẹ̀, fọ́tò tó bá ní i kò lè ṣáájú oṣù yẹn.

Àyà òsì ni ipò rẹ̀. Tí ẹ bá rí i lápá ọ̀tún, ẹ wo bọ́tìnnì. Tí apá òsì aṣọ bá bo ọ̀tún bíi ti aṣọ ọkùnrin, ó lè jẹ́ mẹ́dàlì ẹbí rẹ̀ tó ti kú ló wọ̀. Tí bọ́tìnnì náà bá yí, òdì ni wọ́n fi tẹ fọ́tò, ilà ojú sì ti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Àwọn fọtógíráfà sì máa ń fi pẹ́ńsù tún fíìmù ṣe, pélé àti àbàjà lè pòórá níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dán kì í ṣe ẹ̀rí pé kò kọlà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lọ sórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn ṣọ́jà tó kú sógun, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kú nìkan ló wà níbẹ̀, àìsí orúkọ kò sọ pé ẹni náà kò jagun. Ẹ wá orúkọ náà láìfi àmì ohùn sí i, ẹ fi "sh" àti "s" dán an wò. Wọ́n máa ń fi ìlú ṣe orúkọ ìdílé fún ṣọ́jà: Àlàbí ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè di Alabi Ogbomosho. Nọ́ńbà ṣọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ni.

Tí mẹ́dàlì bá kù nílé, ti àwọn ọmọ kò ní orúkọ lára, ìjọba Bìrìtìkó kò kọ orúkọ sára ti ogun Hitler tó fún ọmọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n tí bàbá tó jókòó yẹn bá ja ogun 1914, nọ́ńbà, ipò àti orúkọ rẹ̀ wà ní etí mẹ́dàlì fàdákà rẹ̀. Ẹ má fi Brasso nù ún kí ẹ tó kà á, ó ń jẹ lẹ́tà.